Ọkọ̀ Máa-Lò-Ó-Bẹ́ẹ̀

Àwọn oníbàárà bàbá mi ló sọ ọ́ ní Máa-Lò-Ó-Bẹ́ẹ̀. Wọn kì í pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀, àfi Afẹ́fẹ́, ọkùnrin tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa, tí kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Bàbá mi ló fi ẹnu ara rẹ̀ ra orúkọ náà. Bí ẹnìkan bá gbé mọ́tò wá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ṣe é ṣí láti inú, á bi í pé, "Ṣé ó ń ṣí láti ìta? Máa lò ó bẹ́ẹ̀ ná." Bí gíláàsì bá há, bí iná ẹ̀yìn bá ń ṣẹ́jú bí ojú ẹni tó ń purọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Kì í ṣe ọ̀lẹ, mo sì fẹ́ kí ìyẹn yéni kí n tó tẹ̀ síwájú. Mo ti rí i tó tú ẹ́ńjìnnì tí mẹkáníìkì mẹ́ta ti kọ̀ sílẹ̀, tó tò ó padà, tí ó sì ń mí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. Àwọn àgbà ní àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ikú ni bàbá mi ń wò ní tirẹ̀. Àìsàn ni kì í rí àyè fún.

Píkọ́ọ̀pù tirẹ̀ ló burú jù. Aláwọ̀ aró ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ọ̀tún rẹ̀ funfun, nítorí ara ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n ti yọ ọ́. Lójú ọ̀nà tó gbòòrò, kò sí ohun tó ṣe é. Àmọ́ bó bá ti dé oríta tí ó ní láti dúró, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú, á sì kú. Bí wọ́n bá ṣíná rẹ̀, á dìde. Ní oríta tó tẹ̀ lé e, á tún kú. Bàbá mi wá ọgbọ́n sí i. Á fi orí ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ bíréèkì, á fi gìgísẹ̀ ẹsẹ̀ kan náà tẹ tọ́rótù, kí ẹ́ńjìnnì máa pariwo níbi tó dúró sí kó má bàa sùn lọ. Nítorí èyí, bàtà ọ̀tún rẹ̀ máa ń jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Mo ti ka bàtà mẹ́ta.

Ìyá mi ń ránṣọ. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní ìlú kan tó jẹ́ ìrìn wákàtí mẹ́rin sí wa, ránṣẹ́ sí i pé ojú ń dun òun, kó wá bá òun mú iṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Bàbá mi ló gbé e lọ sí gáréèjì, èmi jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú báàgì. Ọkọ̀ náà kú lẹ́ẹ̀meje láàárín ilé wa àti gáréèjì. Nígbà keje, kò dìde mọ́. Ìyá mi bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú bàtà rẹ̀ tó dára jù, ó bá wa tì í. Bọ́ọ̀sì ti ń yí táyà nígbà tó wọ inú rẹ̀. Ó yọ orí lójú fèrèsé.

"Bàbá ọmọ mi," ó ní, "ọjọ́ tí ọkọ̀ yín bá lè gbé yín wá bá mi láìkú lọ́nà, ọjọ́ náà ni màá bá yín padà sílé nínú rẹ̀."

Gbogbo èrò bọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Bàbá mi rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ, ó sì ń juwọ́ títí bọ́ọ̀sì fi yí kọ́nà. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo ti gbọ́ ọ nínú ohùn ìyá mi pé ó ti rẹ̀ ẹ́, kì í sì í ṣe ọkọ̀ nìkan ló rẹ̀ ẹ́.

Oṣù mẹ́ta di ọdún kan, ọdún kan di mẹ́rin. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, wọ́n ń pe ara wọn lórí fóònù.

"Ọkọ̀ ńkọ́?" ni ìyá mi máa ń bi í.

"Ó kù díẹ̀," ni bàbá mi máa ń dáhùn.

Àwàdà ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó di kíkí, bí ẹni ń béèrè àlàáfíà ilé tí kò dúró gbọ́ èsì.

Ọdún kejì mi ní yunifásítì ni ìyá mi lọ. Ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀rọ ni mo kọ́. Mo parí rẹ̀ pẹ̀lú èsì tó dára, mo kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ mọ́kàndínlógójì. Méjì ló dá mi lóhùn, méjèèjì láti sọ pé rárá. Mo padà sílé, mo wọ aṣọ iṣẹ́ tí ọ̀rá ti sọ di dúdú, mo ń bá bàbá mi fọ púlọ́ọ̀gì. Ó ń pè mí ní Ẹnjiníà. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn mí.

Nínú ilé wa, kò sí ohun tó pé. Ẹsẹ̀ tábìlì kan dúró lórí bíríkì. Okùn ni à ń fi so ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀. Àmọ́ maṣíìnì ìyá mi tó wà lẹ́bàá fèrèsé, bàbá mi ń nù ún ní Sátidé gbogbo, ó ń kán epo sí i ní ìparí oṣù, ó ń yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá kó má bàa há. Ẹnikẹ́ni kì í jókòó sórí àga rẹ̀. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé kí ló dé tí kò fi lè tún ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ ṣe bó ṣe ń tọ́jú maṣíìnì.

"Maṣíìnì kì í ṣe tèmi," ó ní.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ìyá mi pè. Mo jókòó ti bàbá mi, ohùn ìyá mi sì ń jáde ketekete.

"Ojú ẹ̀gbọ́n mi kò gba abẹ́rẹ́ mọ́," ó ní. "Ṣọ́ọ̀bù ti wà lọ́wọ́ mi pátápátá. Maṣíìnì tó wà níbí ti gbó. Ẹ bá mi gbé tèmi wá ní Sátidé."

Bàbá mi ń wo maṣíìnì náà títí ìyá mi fi ní, "Hẹ́lò?"

"Mò ń gbọ́."

"Ṣé ẹ máa rí ọkọ̀ háyà?"

"Mo ní ọkọ̀," ni bàbá mi wí.

"Ó dáa," ni ìyá mi wí, ó sì dágbére.

Kò sí ohun tó ṣòro láti túmọ̀ níbẹ̀. Aránṣọ tó fi maṣíìnì rẹ̀ sílé ṣì ń bọ̀. Èyí tó ránṣẹ́ wá gbé e ti dé ibi tó ń lọ. Bàbá mi fi fóònù sínú àpò àyà rẹ̀, ó dìde, ó lọ nu maṣíìnì náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe Sátidé.

Nígbà tí mo fi máa dé ṣọ́ọ̀bù ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, ó ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì píkọ́ọ̀pù, ó ti yọ kàbúrétọ̀, níbi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀, ó ń fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́. Afẹ́fẹ́ dúró tì í, ó káwọ́ sẹ́yìn.

"Máa-Lò-Ó-Bẹ́ẹ̀," ó ní, "ẹ̀ẹ̀melòó lo ti wẹ ìyẹn lọ́dún yìí?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹfà."

"Ká ní ọmọ ni, òtútù ìbá ti pa á."

"Ìwọ lọ lẹ táyà ẹ."

"Táyà mi kì í kú ní oríta. Tó bá jò, mo mọ ibi tó ti jò."

Mo ní, "Bàámi, kì í ṣe kàbúrétọ̀."

"Ẹnjiníà, kí ni?"

"Kì í kú tó bá ń sáré, tó bá dúró nìkan ló ń kú. Bíréèkì yín sì le bí òkúta láti ọjọ́ yìí wá. Ibì kan wà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé láìgbàṣẹ."

"Kí ni mo wá jí?" ni Afẹ́fẹ́ bi mí.

Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ẹ́ńjìnnì tó ń sáré ti la ẹnu sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ń rọ́ wọlé, ihò kékeré kan kò já mọ́ nǹkan fún un. Ṣùgbọ́n tó bá dúró, tí èèyàn gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù, ẹnu náà padé, ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ díẹ̀ ló sì ń bá epo díẹ̀ rìn. Ihò kékeré wá di ihò ńlá. Afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ, iná kò rí nǹkan jó, ẹ́ńjìnnì kú. Bàbá mi ń tẹ́tí bí ẹni tí wọ́n ń ka orúkọ rẹ̀ fún.

"Mo ní omi ọṣẹ," ni Afẹ́fẹ́ wí. Òun ló fi ń wá ihò nínú táyà. Ibi tó bá ti hó, ibẹ̀ ló ti jò.

"Kò ní hó," mo ní. "Táyà ń tú afẹ́fẹ́ jáde. Eléyìí ń fà á wọlé. Àmọ́ omi á dí ihò náà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ohùn ẹ́ńjìnnì á sì yí padà. Ẹ má wòran, ẹ tẹ́tí."

Bàbá mi da kàbúrétọ̀ padà, ó ṣíná ọkọ̀, ó sì fi sukudiráfà dín ẹ́ńjìnnì kù títí ó fi ń gbọ̀n, tó kù díẹ̀ kó kú. Mo rẹ àkísà nínú omi ọṣẹ, mo ń fún un sórí ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìdí kàbúrétọ̀, kò sí ìyàtọ̀. Àwọn rọ́bà kéékèèké mẹ́ta, kò sí ìyàtọ̀. Ó wá ku rọ́bà tó nípọn, èyí tó lọ láti ara ẹ́ńjìnnì sí ìdí bíréèkì, tó ń jẹ́ kí bíréèkì rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Láàárín rẹ̀, wọ́n ti fi aṣọ dì í, aṣọ náà ti mu epo dúdú, ó ga tó ìkúùkù.

"Fi ìyẹn sílẹ̀," ni bàbá mi wí.

Mo fún omi náà sí i lórí. Ẹ́ńjìnnì gbé e mì. Gbígbọ̀n náà dá. Fún ìwọ̀n ìgbà téèyàn fi lè ka ení dé àrún, ọkọ̀ náà ń mí bí ẹni tó sùn fọnfọn. Lẹ́yìn náà omi tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú.

"Afẹ́fẹ́ ti fẹ́," ni Afẹ́fẹ́ rọra wí, "a ti rí fùrọ̀ adìyẹ."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò wo ẹ́ńjìnnì. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń wò.

Mo mọ aṣọ náà. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fi dì í. Ọdún tó ṣáájú ọdún tí ìyá mi lọ ni, wọ́n ń gbé mi lọ sí yunifásítì fún ìgbà àkọ́kọ́, rọ́bà náà sì là lójú ọ̀nà. Bàbá mi dúró, ó ń wo ojú ọ̀run. Ìyá mi ló ya etí aṣọ kan tó wà nínú báàgì rẹ̀, ó wé e mọ́ rọ́bà náà lẹ́ẹ̀mẹrin, ó sì mú abẹ́rẹ́ àti òwú, ó rán an pa, bí ẹni ń rán ọrùn ẹ̀wù. "Ó máa gbé wa délé," ó ní. Ó gbé wọn délé. Nígbà tí wọ́n délé, bàbá mi ní kí àwọn máa lò ó bẹ́ẹ̀.

"Bàámi," mo ní, "ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ ni."

Ó nu ọwọ́ ọ̀tún. Ó nu ọwọ́ òsì.

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọ̀sẹ̀ tí ìyá ẹ lọ."

Afẹ́fẹ́ gbé abọ́ omi ọṣẹ rẹ̀, ó rántí pé òun ní iṣẹ́.

Mo ṣírò rẹ̀ fún bàbá mi. Ọdún mẹ́rin. Rọ́bà tí kò gùn tó apá ọmọdé, tí èèyàn lè pààrọ̀ kí omi tó hó lórí iná. Ìrìn wákàtí mẹ́rin. Mo sọ ọ́ láìgbé ohùn sókè, nítorí mo fẹ́ kó gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó jẹ́ kí n parí.

"Bí mo bá tún un ṣe," ó ní, "tí mo dé ọ̀hún, tó ní òun kò bá mi lọ ńkọ́? Bó ṣe wà yìí, ó ṣì ń bọ̀."

Mo fẹ́ fi ìdáhùn náà bú u, n kò rí ibi tí mo máa dì í mú. Kò sì tún mú kí n dárí jì í. Èèyàn kì í fi ẹlòmíràn sílẹ̀ lójú ọ̀nà fún ọdún mẹ́rin kó wá pè é ní ìrètí. Mo lọ mú réésà wá, mo nà án sí i.

Ó fi ojú iṣẹ́ tú u. Ó ń gé òwú náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojú abẹ́rẹ́ méjìlélógún, kò sì fa aṣọ náà ya. Lábẹ́ rẹ̀, rọ́bà ti là tó ìka méjì. Ìyá mi rán an dáadáa. Ṣùgbọ́n aṣọ kì í ṣe rọ́bà.

Afẹ́fẹ́ padà wá pẹ̀lú rọ́bà àlòkù kan. "Eléyìí á bá a mu," ó ní. "Ó ṣì lágbára."

"Tuntun ni mo fẹ́," ni bàbá mi wí.

Afẹ́fẹ́ wo ojú mi. Láti ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ti jọ wà lójú ọ̀nà yẹn, kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ rí.

Tuntun náà ló fi sí i. Ó fi irin dì í lórí àti nídìí, ó fi sukudiráfà dá eré ẹ́ńjìnnì padà sí ibi tó yẹ kó wà, ó gbé ife omi kan lé e lórí. Ojú omi náà kàn ń rìn díẹ̀díẹ̀, bí ara ẹni tí eṣinṣin bà lé. A tẹ bíréèkì, a fi í sílẹ̀, a tún un tẹ̀. Kò kú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo rí i lẹ́yìn ilé tó ń fi ọṣẹ fọ aṣọ dúdú náà. Omi kẹrin ni àwọ̀ rẹ̀ fi hàn, ewé tútù.

Ní Sátidé, a fi bẹ́ẹ̀dìṣíìtì wé maṣíìnì náà, a so ó mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Mo mú ìwé kékeré kan dání, mo ń fa ìlà fún gbogbo ibi tí a bá ti dúró. Oríta, iná ojú pópó, ibi tí màlúù ti ń kọjá, ibi tí wọ́n ti ń tún ọ̀nà ṣe. Níbi gbogbo ni ẹsẹ̀ ọ̀tún bàbá mi ti ń lọ́ bí ó ṣe máa ń lọ́, orí ẹsẹ̀ lórí bíréèkì, gìgísẹ̀ lórí tọ́rótù. Bàtà tuntun ló wọ̀. Ẹ́ńjìnnì ń pariwo lásán.

"Ẹ lè gbẹ́sẹ̀ kúrò," mo ní.

"Mo mọ̀," ó ní. Kò gbé e.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló jókòó lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù nígbà tí a dé, ó wọ awò dúdú. Ó yí etí sí wa. "Ọkọ̀ ta nìyí?" ó béèrè lọ́wọ́ ìyá mi tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù. "Kì í ṣe ti ọkọ ẹ o. Èyí kò wúkọ́."

Ìyá mi jáde. Téèpù wà lọ́rùn rẹ̀, ẹfun wà níka rẹ̀, irun rẹ̀ ti funfun níwájú. Ó kí bàbá mi, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. Bàbá mi kò tíì sọ̀ kalẹ̀, ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́.

"Ẹ̀ẹ̀melòó ló kú?" ni ìyá mi béèrè.

Bàbá mi tọ́ka sí mi. Mo ní, "Kò kú rárá. Ibi mẹ́tàlélógójì ló ti dúró."

Ìyá mi gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi síbẹ̀. "Kí ló ṣe é tẹ́lẹ̀?"

"Rọ́bà bíréèkì ló là," ni bàbá mi wí.

"Èyí tí mo rán?"

Bàbá mi yọ aṣọ náà nínú àpò àyà rẹ̀, ó nà án sí i lójú fèrèsé. Ó ti fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́.

"Èmi ni mo ń pa á nígbà náà," ni ìyá mi wí.

"Ìwọ kọ́. O ní á gbé wa délé. Ó gbé wa délé. Èmi ni mi ò tú u."

"Ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ sì ń sọ fún mi pé ó kù díẹ̀."

"Ó kù díẹ̀ lóòótọ́," ni bàbá mi wí. "Ìka méjì."

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ká aṣọ náà sí mẹ́rin. "Ẹ pa á," ó ní.

Ọ̀tọ̀ ni ọkọ̀ tó kú, ọ̀tọ̀ ni èyí tí olówó rẹ̀ pa. Bàbá mi kì í pa píkọ́ọ̀pù náà níbi tó bá ní ìdí láti kúrò. Á fi í sílẹ̀ kó máa pariwo, nítorí ẹ̀rù ń bà á pé kò ní dìde mọ́. Ó di kọ́kọ́rọ́ mú, ó wo ìyá mi. Lẹ́yìn náà ó pa á.

"Ẹ sọ maṣíìnì kalẹ̀," ni ìyá mi wí. "Èmi ń lọ mú báàgì mi."

Bàbá mi kò mọ èyí tó máa gbà nínú méjèèjì. Èmi ni mo béèrè.

"Ohun tí mo sọ náà nìyẹn," ó dá mi lóhùn. "Mo ní kí ẹ gbé maṣíìnì wá. Mo sì ti sọ pé bí ọkọ̀ yìí bá dé ibí láìkú, màá bá bàbá ẹ padà sílé nínú rẹ̀. Mi ò sọ pé màá dúró sílé náà. Ìwọ náà wà níbẹ̀. O gbọ́ mi."

Mo gbọ́ ọ. Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn.

Ó sùn sílé wa fún òru méjì. Kí ó tó jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, bàbá mi ti gbé ilẹ̀kùn tuntun sí ilé ìwẹ̀, ó sì ti yọ bíríkì kúrò lábẹ́ tábìlì. Ìyá mi fọwọ́ kan ilẹ̀kùn náà, ó ṣí i, ó tì í. Ó jókòó lórí àga rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, níwájú ibi tí maṣíìnì ti wà tẹ́lẹ̀, ó ń wo ìta. Bàbá mi jókòó sí òdìkejì, ó ń wò ó. Àwọn ará àdúgbò tó wá kí i ní kí a má ṣàṣejù, pé òru méjì sàn ju òfo lọ, pé kó máa lọ kó máa bọ̀. Máa lò ó bẹ́ẹ̀ ni ìyẹn náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ìyá mi di báàgì rẹ̀ láti padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo tún jókòó sẹ́yìn, nínú afẹ́fẹ́, lẹ́bàá ibi tí okùn maṣíìnì ṣì wà. Mo ń rí orí àwọn méjèèjì nínú gíláàsì. Ní iná ojú pópó àkọ́kọ́, ó pọ́n, bàbá mi dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́, ẹ́ńjìnnì pariwo. Ìyá mi gbé ọwọ́ lé e lórúnkún.

"Ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò," ó ní. "Kò ní kú."

Ó pẹ́ kí ó tó gbé e. Ẹ́ńjìnnì náà rẹlẹ̀, ó rẹlẹ̀ sí i, ó sì dúró síbẹ̀ tó ń mí. Ọwọ́ ìyá mi ṣì wà níbi tó gbé e sí. Iná yí padà. Àwọn tó wà lẹ́yìn wa fun fèrè, wọ́n tún fun ún. Bàbá mi kò tíì lọ.